Ogójì Ẹ̀mí Tí Baba Ńlá Alága Gbà Là

Àwọn èèyàn kan wà, bí wọ́n bá ń rìn, ńṣe ló dà bíi pé ilẹ̀ ló yẹ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàtà wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Lionel Pomfret-Gage, alága ẹgbẹ́ tó ń tọrọ owó lọ́wọ́ aráàlú láti fi tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti yàrá ìwé àtijọ́ ìlú Haverness, ìlú apẹja wa tí òjò kì í gbàṣẹ kó tó rọ̀. Ẹ má pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Gage o. Olùkọ́ kan pè é bẹ́ẹ̀ níjọ́sí, bí wọ́n ṣe fagi lé ọjọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ fẹ́ wá wo egungun ẹja nìyẹn.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ẹ̀ṣọ́ ni mí níbẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Orí àga kékeré ni mo máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹja àbùùbùtán, tí mò ń sọ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá jókòó síbi kan náà fún ọdún mọ́kàndínlógún, ohun tí kò bá rí, á gbọ́ ọ. Ohun tí kò bá gbọ́, àwọn tó ń gbálẹ̀ á sọ ọ́ fún un.

Kí Lionel tó dé, ọ̀nà tí a ń gbà rówó kò lọ́jú pọ̀. Àpótí onígi kan wà lẹ́nu ọ̀nà, gíláàsì wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé á sọ pọ́n-ùn kan tàbí méjì sí i, á dún gbọnran, ọmọ tó tẹ̀ lé e á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà sọ tòun. Àwọn kan máa ń fẹsẹ̀ rìn láti èbúté dé ilé iná tó ń tọ́ àwọn ọkọ̀ sọ́nà létíkun, kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn lè dáwó fún máìlì kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbàlagbà kan fi nǹkan sílẹ̀ fún wa nínú ìwé ìhágún wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Doreen Catterall á gbé tábìlì sí yàrá ìsàlẹ̀, á máa ta tíì àti kéèkì ọlọ́sàn-wẹ́wẹ́, gbogbo èrè rẹ̀ á sì di tiwa.

Doreen ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ọkọ̀ apẹja tí bàbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ sí òkun àríwá tí kò padà mọ́. Kò sí sàréè. Kò sí fọ́tò. Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ bàbá náà ṣe tó ṣẹ́ kù láyé ni orúkọ rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé àwọn atukọ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kúrò ní èbúté. Yàrá ìwé àtijọ́ ni ìwé náà wà, lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé tó ń jò. Nítorí òrùlé yìí ni Doreen ṣe ń ta kéèkì.

Nítorí òrùlé yìí náà ni wọ́n ṣe yan Lionel. Ó ní òun mọ àwọn olówó. Òótọ́ ni, ó mọ̀ wọ́n. Pé àwọn náà mọ̀ ọ́n ni kò dá wa lójú.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ó dìde, ó fa kóòtù rẹ̀ gún, ó sì wojú fèrèsé bí ẹni tí oòrùn ń dúró de àṣẹ rẹ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ó ní, “ìtàn ìlú yìí ti ń retí mi láti ẹgbẹ̀rin ọdún. Ó dúró, ó dúró, kò rẹ́ni fún un lága. Lónìí, mo sọ fún ìtàn pé: jókòó!”

Igbákejì rẹ̀, Clive Tunnicliffe, gbé áńkáṣíìfù funfun sókè. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí áńkáṣíìfù Clive bá lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ ni. Bó bá fì í lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n dìde dúró pàtẹ́wọ́ ni. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, Clive ti tẹ “àtẹ́wọ́ rẹpẹtẹ” sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná.

“Alága,” ni Clive wí, omijé lójú rẹ̀, “ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára débi pé eyín tó ń dùn mí ti fi mí sílẹ̀.”

“Àwọn mìíràn náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi,” ni Lionel dáhùn.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àpótí onígi ló kọ́kọ́ kàn. Alága ní ìró owó ẹyọ ń sọ wá di alágbe lójú àlejò, wọ́n bá gbé e sọ sí yàrá ìgbálẹ̀. Pátákó aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lára ògiri, wọ́n ní ẹni tó bá mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá pọ́n-ùn wá ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, orúkọ kan ló wà lórí rẹ̀: Lionel Pomfret-Gage. Kò san kọ́bọ̀. Ó ní àpẹẹrẹ lòun fi lélẹ̀, kí àwọn èèyàn lè rí bí orúkọ ṣe máa ń rẹwà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan kéèkì. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Doreen fúnra rẹ̀, Clive sì tẹ̀ lé e.

“Mísìsì Catterall,” ó ní, “òórùn kéèkì yín ti ń gòkè dé ibi tí àwòrán àwọn ọlọ́lá wà.”

“Ṣé àwọn ọlọ́lá ń ráhùn ni?”

“Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti tíì kì í ṣe ẹgbẹ́, Mísìsì Catterall.”

Doreen nu ọwọ́ rẹ̀ nù. “Lionel, èmi ni mo máa ń nu imú fún ọ nígbà tí Marjorie ìyá rẹ bá lọ síbi tí wọ́n ti ń la ẹja. Bí òórùn bá ń dà ọ́ láàmú, á jẹ́ pé imú yẹn tún fẹ́ kí n nù ún nìyẹn.”

Ojú Lionel pọ́n. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ibi tí wọ́n ti ń la ẹja, pàápàá níwájú Clive. Nígbà tó máa fi di Sátidé kejì, tábìlì Doreen ti kúrò níbẹ̀.

Ó wá ku garawa. Garawa méje la gbé sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò. Alága ní ojú àlejò kò gbọdọ̀ rí ìtìjú, ó ní kí wọ́n fi àrán aláwọ̀ búlúù wé wọn. Clive, tí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ alága parí síbi tó parí sí, tún lẹ káàdì mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: “Garawa. Irin. A kò mọ ẹni tó ṣe é.” Obìnrin kan tó wá láti ìlú òkèèrè dúró níwájú ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yà á ní fọ́tò, ó sì sọ fún mi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú rẹ̀ wọ òun lọ́kàn. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ẹ ó béèrè pé, òrùlé ńkọ́? Owó tí kéèkì, ìrìn ẹsẹ̀ àti ìwé ìhágún ti kó jọ ṣáájú kì í ṣe kékeré. Owó yẹn náà ni Alága ní kí wọ́n fi rọ ère orí òun ní bàbà. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: olówó kì í dáwó fún òrùlé, torí kò sẹ́ni tó ń wòkè, ojú èèyàn ni olówó ń wò kó tó dáwó. Ojú ta ni? Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ̀. Áńkáṣíìfù lọ sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí aṣọ lójú ère yìí, Alága fẹ́ pe gbogbo olówó ìlú wá jẹun ọ̀sán, kó sì tọrọ owó ńlá lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ère nìkan kò tó o. Ó ní ìtàn kan wà tí wọ́n ń sọ nílé àwọn láti kékeré: pé nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria, nígbà tí omi òkun ya wọ ìlú, baba ńlá òun, Josiah Gage, wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ó sì gba ogójì ẹ̀mí là. Àjákù lẹ́tà kan tiẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀, ibi tó ti já kò jẹ́ kí wọ́n rí ìyókù kà. Ó ránṣẹ́ pe Hester Stobbart, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ wa.

“Hester, lọ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ baba ńlá mi sílẹ̀. Ojú ìwé náà la máa gbé kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère mi. Nígbà tí àwọn olówó bá rí i, wọ́n á mọ̀ pé akin kan ló bí akin kejì.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Hester fi tú àpótí. Ìgbà tí òjò bá ń rọ̀, á bọ́ kóòtù òjò rẹ̀, á fi bo ìwé àwọn atukọ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹja, ojú rẹ̀ funfun.

“Ṣé tíì ṣì wà nínú fíláàsì yín?”

Mo bu fún un. Ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Mo ti rí ogójì náà.”

“Ẹ kú oríire.”

“Ẹ má tíì kí mi,” ó ní.

Ó kọ lẹ́tà sí Alága pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé náà tó yẹ kó gbọ́ kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé. Clive dá lẹ́tà náà padà: Hester kò kọ gbogbo oyè Alága. Ó tún un kọ, ó kọ oyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Clive tún dá a padà: oyè ti di márùn-ún láti ọjọ́ Ajé. Níkẹyìn, Hester lọ kan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, nípa ogójì ẹ̀mí yẹn…”

“O rí i?”

“Mo rí i, sà, ṣùgbọ́n àwọn ogójì náà, wọn kì í ṣe…”

“Dákẹ́!” Alága gbé ọwọ́ sókè. “Má sọ ọ́ fún mi. Níwájú gbogbo èèyàn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà á, kí omijé mi lè jẹ́ omijé tuntun. Olówó máa ń mọ omijé àná yàtọ̀.”

“Sà, mo bẹ̀ yín, ẹ kà á tẹ́lẹ̀.”

“Ìwọ kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, kó o fi aṣọ bò ó. Ìyókù dọwọ́ mi.”

Hester jáde. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ òun ni láti tọ́jú ohun tí wọ́n kọ, kì í ṣe láti tún un kọ. Ó lọ kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà.

Ọjọ́bọ̀ ni ayẹyẹ náà bọ́ sí. Wọ́n tẹ́ tábìlì sábẹ́ egungun ẹja. Olórí ìlú wá tòun ti ṣéènì wúrà lọ́rùn, ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ ojú omi mọ́kànlá náà wá. Ẹran àgùntàn wà níbẹ̀, ẹja tí wọ́n fi èéfín yan wà níbẹ̀. Wọn kò pe Doreen wá jẹun, wọ́n pè é wá gba kóòtù lọ́wọ́ àwọn àlejò, ó sì wá, torí ó ní ilé náà kò ṣẹ òun. Ní agogo kan ọ̀sán, òjò bẹ̀rẹ̀.

Lionel sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀. Ó ní bí òun bá la ara òun, ìlú Haverness ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ fa okùn, aṣọ já bọ́ lójú ìwé ńlá náà. Ó gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

“‘Ní ọjọ́ tí omi ya wọ̀lú, Josiah Gage, alága ìgbìmọ̀ ìdáwó fún àwọn opó apẹja, wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ó sì gba ogójì ẹ̀mí là…’”

Áńkáṣíìfù lọ sókè. Àtẹ́wọ́ sọ. Lionel tẹríba sí ọ̀tún, ó tẹríba sí òsì, ó nu ojú rẹ̀, ó sì padà sórí ìwé.

“‘…ogójì ẹ̀mí là, tí gbogbo wọn jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tirẹ̀.’”

Ẹran àgùntàn ni Clive ń gé. Nígbà tó gbọ́ pé ohùn ọ̀gá rẹ̀ dúró, ó gbé áńkáṣíìfù, ó fì í lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìgbìmọ̀ fò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún pẹ́pẹ́yẹ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò fi dákẹ́ níbẹ̀? Ẹni tó bá ti ń fi ohùn ńlá kàwé, ohùn náà máa ń sáré ju ọpọlọ lọ. Ẹnu rẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀:

“‘Àwọn opó mọ́kànlá tó wà lórí òrùlé ké pè é. Ó dá wọn lóhùn pé ọkọ̀ òun ti kún. Obìnrin alágbàfọ̀ kan ló fi ọpọ́n ìfọṣọ kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi tán. Lẹ́yìn náà, Josiah Gage mú owó tí ìlú dá fún àwọn opó náà, ó fi rọ àmì ẹ̀yẹ wúrà, ó sì gbé e kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn nítorí ìgboyà rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi.’”

A ń gbọ́ omi tó ń kán sínú garawa, tó, tó, tó, nínú àrán rẹ̀.

Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ mọ́kànlá na ìka sí ohun tí aṣọ ṣì bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. “Alága, kí ló wà lábẹ́ ìyẹn?”

“Kò… kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Olórí ìlú sún mọ́ ọn, ó ká aṣọ náà kúrò. Lionel oníbàbà ń wo Lionel ẹlẹ́ran-ara. Ti bàbà ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù.

“Owó wo lẹ fi ṣe é?” ni ọlọ́kọ̀ béèrè.

Láti ẹnu ọ̀nà, Doreen, tí kóòtù àlejò mẹ́rin wà lápá rẹ̀, ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

“Owó òrùlé ni.”

Láti tábìlì tó wà lẹ́yìn, ẹnì kan tí a kò mọ̀ títí di òní ké bíi pẹ́pẹ́yẹ, “kúwáà-kúwáà.” Ẹ̀rín gba ilé. Olórí ìlú pàápàá rẹ́rìn-ín títí ṣéènì rẹ̀ fi ń ró. Lionel yíjú sí Hester.

“Ìwọ lo ṣe mí báyìí!”

“Lẹ́tà méjì ni mo kọ, sà. Mo tún wá fúnra mi. Ẹ ní kí n má sọ ọ́ fún yín.”

Lionel wá kóòtù rẹ̀ kiri, Doreen ló bá a rí i, tó sì dì í mú kó lè ki apá bọ̀ ọ́. Ó jáde sínú òjò láì mú agbòòrùn.

Ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ ọ́ nípò. Ta ló dá àbá náà? Clive ni. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti gorí àga ni eyín ti ń dun òun. Ìgbìmọ̀ rọ Doreen pé kó wá ṣe alága, ó ní kí wọ́n yan ẹlòmíràn, kéèkì òun wà nínú ààrò. Wọ́n ta ère náà fún àwọn tó ń yọ́ irin. Mo gbọ́ pé Lionel béèrè iye tí wọ́n tà á, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ pé ó kéré.

Hester ló ní kí wọ́n má gbé ìwé Josiah kúrò lára ògiri. Èèyàn tò yípo ilé láti wá wò ó. Wọ́n gbé àpótí onígi padà síwájú rẹ̀, ó ń dún gbọnran láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà ooru, àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ da ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà sójú odò, nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, pọ́n-ùn méjì lẹ fi ń ra ọ̀kan, èyí tó bá kọ́kọ́ dé abẹ́ afárá ló borí. Ọlọ́kọ̀ mọ́kànlá nìkan ra igba. Gbogbo ìlú dúró sí etí odò, wọ́n ń pariwo, “Gage, wà á lọ! Gage, wà á lọ!” Kí ìgbà òtútù tó dé, wọ́n ti tún òrùlé ṣe tán.

Lọ́jọ́ tí àwọn káfíńtà kúrò, Hester gbé ìwé àwọn atukọ̀ lé orí tìmùtìmù, ó ṣí i fún Doreen. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀: Wilfred Sugden, apẹja. Doreen kò fọwọ́ kàn án. Ó wò ó pẹ́.

“Bí mo ṣe ń kọ ‘W’ tèmi náà nìyẹn,” ó ní. “Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.”

Lionel ńkọ́? Ó ti fèrèsé ilé rẹ̀ pa. Bó bá lọ ra búrẹ́dì, àwọn ọmọdé á máa ké kúwáà tẹ̀ lé e. Àwọn olówó tó mọ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kìíní ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà wa, òjò ti pa á, ó ti rù. Ó ní òun fẹ́ rí Hester. Mo mú un gòkè.

Hester, Doreen àti àwọn àgbàlagbà méjì jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń yọ píìnì tó ti dípẹtà kúrò lára ìwé àtijọ́ kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́.

“Josiah,” ni Lionel wí. Ohùn rẹ̀ kéré. “Lẹ́yìn ilé ẹjọ́. Ṣé ó padà ṣe ohun rere kankan?”

“A ò mọ̀,” ni Hester dáhùn. “Ó ṣeé ṣe kó wà nínú àwọn yẹn.” Ó nawọ́ sí àpótí tó kún ògiri kan. “A ò tíì tú wọn. Èèyàn ni kò sí.”

Ó dúró síbẹ̀, omi ń kán lára fìlà rẹ̀. Doreen sún àga kan jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀.

“Bọ́ kóòtù rẹ, Lionel. Lọ fọ ọwọ́ rẹ.”

Ó ti di ọdún kejì báyìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá. A kò tíì rí Josiah. Ẹ má sì rò pé ọkùnrin yìí ti di ẹlòmíràn o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan yà sí yàrá náà, mo gbọ́ tí Lionel ń sọ fún un pé láti Lọ́ńdọ̀nù títí dé ààlà ilẹ̀ Scotland, kò sí ẹni tó mọ píìnì yọ lára ìwé láìya á tó òun.

Doreen kò gbójú sókè. “Mẹ́ta ló ti ya láti àárọ̀.”

“Méjì ni,” ni Lionel wí, ó sì na ọwọ́ mú ìwé mìíràn.